Wọ́n ní kí n san ₦1 mílíọ̀nù láti di ilé mú nínú ẹ́síteètì tuntun l'Abẹ́òkúta: kí ni kí n rí kí n tó san?

ỌmọÌjẹun

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ilé àti ilẹ̀ ni mo ń bi.

Ilé-iṣẹ́ kan ń kọ́ ẹ́síteètì lójú ọ̀nà Kóbápé, ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta. ₦32 mílíọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní kí n san ₦1 mílíọ̀nù láàárín wákàtí 48 kí wọ́n lè di ọ̀kan mú dè mí. Lẹ́yìn náà, 30% láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí n wá fi oṣù 18 san ìyókù. Ìpìlẹ̀ ilé bíi mẹ́fà ló ti wà nílẹ̀ báyìí. Wọ́n ti fi katakata la ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tíì sí gọ́tà, kò sì tíì sí iná.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi jẹ́ ojú ìwé mẹ́rin. Mẹ́ta nínú ohun tó wà níbẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Èkíní, wọn kì í dá owó tí a fi di ilé mú padà. Èkejì, ilé-iṣẹ́ lè gbé oníbàárà lọ sí ààyè mìíràn "bó bá pọn dandan". Ẹ̀kẹta, bí mo bá yọwọ́, wọ́n á yọ 30% nínú gbogbo owó tí mo bá ti san, wọ́n á sì dá ìyókù padà láàárín 90 ọjọ́. Nọ́ńbà ilé kò sí nínú fọ́ọ̀mù náà rárá, irú ilé nìkan ni wọ́n kọ. Wọ́n ní lẹ́tà allocation, ìyẹn ìwé tó ń sọ ilé tí wọ́n yàn fún mi, yóò jáde tí mo bá ti san 30%.

Ṣé kí n san án ni, àbí kí n fi í lẹ̀? Bí mo bá sì fẹ́ san án, kí ni kí n gbà lọ́wọ́ wọn ná?

---

Lọ́yàÌbarà

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀.

Wákàtí 48 yẹn, ọgbọ́n ọjà ni, kò sí òfin tó gbé e lẹ́yìn. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọjọ́ 14.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí owó náà ń rà. Kò ra ilé, kò sì ra ilẹ̀. Àkókò ló ń rà: pé láti ọjọ́ báyìí títí di ọjọ́ báyìí, wọn kò ní ta ilé nọ́ńbà báyìí fún ẹlòmíràn, wọn kò sì ní fi kún iye rẹ̀. Bí ìwé kò bá dárúkọ ilé, tí kò dárúkọ ọjọ́, tí kò sì dárúkọ iye, a jẹ́ pé ẹ kàn fi owó ṣọrẹ ni. Fọ́ọ̀mù tí ẹ ṣàpèjúwe yìí kò yọ ilé kankan sọ́tọ̀ fún yín, ó kàn fi orúkọ yín kún orúkọ àwọn tó fẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ogójì èèyàn lè san mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan lórí ogún ilé láìjẹ́ pé fọ́ọ̀mù náà purọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí allocation bá dé.

Nítorí náà, kí ẹ tó san, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé àdéhùn olójú ìwé kan tàbí méjì mọ́ fọ́ọ̀mù náà. Kí nọ́ńbà ilé yín wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí layout, ìyẹn àwòrán bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ ẹ́síteètì náà. Kí wọ́n so ẹ̀dà layout mọ́ ọn, kí wọ́n fi bírò yí ilé yín ká, kí ẹ̀yin àti wọn sì jọ buwọ́ lu ojú ibẹ̀. Kí ìwọ̀n ilẹ̀ wà níbẹ̀ ní mítà. Kí wọ́n kọ ọ́ gbangba pé ara ₦32 mílíọ̀nù ni ₦1 mílíọ̀nù yìí, torí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ló máa ń dákẹ́ lórí ìyẹn, tó bá wá yá wọ́n á ní owó fọ́ọ̀mù ni. Kí ọjọ́ tí àkókò náà máa parí wà níbẹ̀ pẹ̀lú déètì, kó má jẹ́ "láìpẹ́".

Lórí dídá owó padà: ẹ má gbà pé owó náà kì í padà rárá. Ohun tó bójú mu ni pé kí gbogbo rẹ̀ padà sọ́wọ́ yín bí ìwé ilẹ̀ bá ní àbùkù, bí wọn kò bá fi ìwé hàn yín láàárín ọjọ́ tí ẹ jọ dá, bí wọ́n bá yí ilé tàbí iye rẹ̀ padà, tàbí bí báǹkì tí ẹ fẹ́ yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ bá kọ̀ láti gba ilé náà. Tó bá jẹ́ pé ọkàn yín ló kàn yí, wọ́n lè yọ díẹ̀ fún wàhálà wọn. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti 2018, abala 120, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti yọwọ́ nínú ohun tó ti ní kí wọ́n dì mú de òun, ó sì gba olùtajà láyè láti gba iye tó bọ́gbọ́n mu nìkan lórí rẹ̀. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, ló ń bójú tó òfin yẹn. Ẹ kọ nọ́ńbà abala náà sínú lẹ́tà tí ẹ máa fi dá wọn lóhùn, wọ́n á mọ̀ pé ẹ kò sùn.

30% tí wọ́n fẹ́ yọ yẹn ló burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Bí ẹ bá ti san 30% ilé, ìyẹn ₦9.6 mílíọ̀nù, tí ẹ bá yọwọ́, ₦2.88 mílíọ̀nù ti lọ. Bí ẹ bá ti san dé ₦20 mílíọ̀nù kí nǹkan tó yí padà fún yín, ₦6 mílíọ̀nù ló lọ. Bí ẹ ṣe ń ṣe dáadáa sí wọn tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyà tí wọ́n á fi jẹ yín ń pọ̀ sí i. Ẹ ní kí yíyọ náà wà lórí àsansílẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan, kó sì ní òkè tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Kí wọ́n sì fi ti ẹ̀gbẹ́ kejì kún un: bí àwọn ni wọn kò bá kọ́ ilé dé ibi tí wọ́n ṣèlérí ní ọjọ́ tí wọ́n ṣèlérí, kí ẹ gba gbogbo owó yín padà pẹ̀lú èlé. Àdéhùn tó ń jẹ ẹnì kan ṣoṣo níyà kò dọ́gba.

Gbólóhùn pé wọ́n lè gbé yín lọ síbòmíràn: ẹ pa á rẹ́. Bí wọn kò bá gbà, kí wọ́n kọ ọ́ pé inú ẹ́síteètì yìí kan náà ni, ìwọ̀n ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín, ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, bí ẹ kò bá sì fẹ́ ẹ, kí gbogbo owó yín padà láìyọ nǹkan kan.

Ó ku ìwé ilẹ̀. Ẹ bèèrè bí ilẹ̀ ṣe dé ọwọ́ wọn. Bó bá jẹ́ lọ́wọ́ ẹbí ni wọ́n ti rà á, ẹ wo àwọn tó buwọ́ lu ìwé. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, asán ni títà náà. Bó bá jẹ́ olórí ẹbí nìkan ló tà á láìsí àwọn àgbà ẹ̀ka ẹbí, ilé ẹjọ́ lè dà á nù bí wọ́n bá tètè ké gbàjarè. Kí orúkọ olórí ẹbí àti ti aṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbuwọ́lù wọn. Rìsíìtì lásán kò tó.

Bí C of O (ìwé ẹ̀rí tí Gómìnà fi ń fún ni ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀) bá wà, ẹ wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti ilé-iṣẹ́ náà, ẹ bèèrè ìwé tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Abala 22 nínú Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ní ẹni tó ní C of O kò gbọ́dọ̀ gbé ilẹ̀ fún ẹlòmíràn láìsí ìyọ̀ǹda Gómìnà. Èyí kan yín lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí wọ́n rà á àti nígbà tí wọ́n bá tà á fún yín. Ẹ bèèrè lónìí ẹni tó máa san owó ìyọ̀ǹda náà, kó má wá jẹ́ pé ilé ₦32 mílíọ̀nù ti di nǹkan mìíràn lọ́jọ́ kọ́kọ́rọ́. Kí lọ́yà yín lọ wo ìwé náà ní Bureau of Lands and Survey, ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mọ́sàn, bóyá ó jẹ́ òtítọ́, bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, bóyá wọ́n ti fi ilẹ̀ náà dógò láti yá owó ní báǹkì. Ìkẹta yẹn ló ń bu àwọn èèyàn jẹ jù nínú ẹ́síteètì tuntun, torí ilẹ̀ kan náà tí wọ́n ń pín fún yín ni wọ́n ti fi gba owó tí wọ́n fi ń kọ́lé.

Wíwo orúkọ ilé-iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kí orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù, èyí tó wà ní CAC àti èyí tó wà lórí akáùǹtì báǹkì jẹ́ ọ̀kan náà láìyàtọ̀ ní lẹ́tà kan. Ẹ má san owó sí akáùǹtì ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ "manager". Òfin 2022 tó lòdì sí fífọ owó sì ti sọ pé káàṣì tí a bá fi sanwó kò gbọ́dọ̀ ju ₦5 mílíọ̀nù lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦10 mílíọ̀nù fún ilé-iṣẹ́. Tí ẹni tó ń ta ilé bá ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kó káàṣì wá, ẹ mọ̀ pé kò fẹ́ kí owó náà fi ipa sílẹ̀.

---

AwọnlẹÒkèMọ́sàn

Lọ́yà ti wí tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilẹ̀ kún un, torí C of O lè jẹ́ òótọ́ kí ilẹ̀ tí wọ́n fi hàn yín má sì sí nínú rẹ̀.

Ẹ gba ẹ̀dà ìwé sọ́fè gbogbo ẹ́síteètì náà, èyí tí orúkọ awọnlẹ̀, òǹtẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà pílà àti coordinates (àwọn nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí ilẹ̀ wà gan-an) wà lára rẹ̀. Ẹ gbé e fún awọnlẹ̀ tiyín tó ní ìwé àṣẹ, ẹ má gbé e fún ẹni tí ilé-iṣẹ́ bá dárúkọ fún yín. Ohun méjì ni yóò ṣe. Yóò wá a ní ọ́fíìsì Surveyor-General bóyá awọnlẹ̀ àkọ́kọ́ ti fi ẹ̀dà tiwọn sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí a ń pè ní red copy. Yóò sì fi coordinates náà sórí máàpù ńlá láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú ibi tí ìjọba ti gbà, ojú ọ̀nà tó ń bọ̀, ọ̀nà reluwé, tàbí abẹ́ wáyà iná ńlá. Iná 330kV ń gba mítà 25 lọ́tùn-ún àti 25 lósì láti àárín wáyà, 132kV sì ń gba 15 lọ́tùn-ún, 15 lósì. Ilé tó bá wọ inú ìyẹn kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ láéláé.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín lè fi ojú wò. Ibi tí Abẹ́òkúta wà, Easting (nọ́ńbà ìhà ìlà-oòrùn) lórí ìwé sọ́fè yẹ kó wà láàárín nǹkan bíi 530,000 sí 555,000, Northing (nọ́ńbà ìhà àríwá) láàárín nǹkan bíi 780,000 sí 800,000. Ìyẹn ní Zone 31 lórí Minna, ètò ìwọ̀n ilẹ̀ tí àwọn awọnlẹ̀ Nàìjíríà ń lò. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tó jìnnà sí èyí, ẹ bèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ má fi fóònù lásán dájọ́. Fóònù ń lo WGS84, ètò ìwọ̀n ti gbogbo ayé, ìwé sọ́fè ń lo Minna, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì níbí ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ. Èèyàn á fi fóònù wá pílà, yóò bá a nínú oko ẹlòmíràn, yóò sì pariwo pé wọ́n lu òun ní jìbìtì, nígbà tó jẹ́ pé fóònù ni kò tún un ṣe. Tó bá jẹ́ pé fóònù yín ní ètò tó lè yí i sí Minna, ó dáa.

Lórí layout: ẹ bèèrè bóyá Ministry of Physical Planning and Urban Development ti fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí tóbi ju bí àwọn olùrà ṣe rò lọ. Layout tí wọn kò tíì fọwọ́ sí, àwòrán lásán ni. Tí ilé iṣẹ́ ìjọba bá wá ní kí wọ́n fẹ ojú ọ̀nà sí i, tàbí kí wọ́n fi ààyè sílẹ̀ fún gọ́tà ńlá tàbí pápá ìṣeré, gbogbo nọ́ńbà ilé á yí padà. Ilé 14 á di ilé 11, ilé 12 á sì di òpópónà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí èèyàn méjì bá gba lẹ́tà lórí ilé kan ló jẹ́ olè. Nígbà mìíràn, layout méjì ni wọ́n fi kọ lẹ́tà méjèèjì. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà layout àti déètì rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín, tí ó sì dára kí coordinates igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ yín wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ilé lè yí padà, coordinates kì í yí.

Ẹ tún wo ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ "pulọ́ọ̀tì kan" bí ẹni pé ìwọ̀n kan ṣoṣo ni. Mítà 18 ní 36 jẹ́ 648 níbùú lóròó. Mítà 15 ní 30 jẹ́ 450. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pè ní pulọ́ọ̀tì fún yín. Àwọn ilé ẹ́síteètì mìíràn kò tilẹ̀ ju 300 lọ.

---

ÌyáDúkìá

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọjà. Ilé-iṣẹ́ tí ilé rẹ̀ ń yá kò ní fún yín ní ọjọ́ 14 lórí ilé igun tàbí ilé tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ilé tó wà láàárín ni wọ́n lè fi dúró dè yín. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà ni pé kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ méje, kí wọ́n sì ti rí lọ́yà àti awọnlẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìwádìí ní Òkè-Mọ́sàn lè má parí láàárín ọjọ́ méje. Nítorí náà kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé bí èsì ìwádìí kò bá tíì jáde, ọjọ́ náà á sún síwájú.

Ọ̀nà mìíràn wà: kí ₦1 mílíọ̀nù náà wà lọ́wọ́ lọ́yà yín, nínú akáùǹtì tó fi ń tọ́jú owó oníbàárà, kí lọ́yà kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ pé owó wà lọ́wọ́ òun, òun á sì san án lọ́jọ́ tí ìwé bá pé. Àwọn kan á gbà, àwọn kan á kọ̀. Èyí tó bá gbà, ẹ tẹ̀lé e.

Ẹ bèèrè owó tí kò sí lára ₦32 mílíọ̀nù, kí wọ́n to gbogbo rẹ̀ sórí bébà kan: owó sọ́fè, owó deed (ìwé tó gbé ilé fún yín), owó "development", owó iná àti tíránsífọ́mà, owó igun (ọ̀pọ̀ ń fi 10% lé ilé igun), owó ìtọ́jú ẹ́síteètì lọ́dọọdún. Àwọn tí wọn kò bá kọ sórí bébà náà, kí wọ́n kọ ọ́ pé wọn kò ní béèrè rẹ̀ mọ́. Owó "development" ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, torí wọn kì í sọ iye rẹ̀ títí ẹ óò fi sanwó tán.

Ti ẹ̀yin tí ẹ ń ra nípasẹ̀ èèyàn bíi tèmi: ilé-iṣẹ́ ló ń san owó iṣẹ́ aṣojú tó bá ta ilé wọn. Bí aṣojú bá tún ní kí ẹ fi kún un, ẹ bi í léèrè ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún.

---

ỌmọÌjẹun

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ̀wé sí wọn. Wọ́n gbà láti kọ nọ́ńbà ilé, wọ́n sì gbà fún ọjọ́ méje. Wọn kò fẹ́ yọ gbólóhùn gbígbéni lọ síbòmíràn kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n kọ tèmi wá kí wọ́n wò ó.

Ìbéèrè méjì ló kù. Oṣù 18 tí wọ́n fẹ́ kí n fi sanwó, ṣé ó bójú mu bẹ́ẹ̀? Àti pé, mo wà nínú iṣẹ́ ìjọba, wọ́n ń yọ owó NHF (àkójọ owó ilé ti ìjọba àpapọ̀) lára owó oṣù mi. Ṣé mo lè fi ra ilé yìí?

---

BíríkìlàÀgbà

Ẹ má fi oṣù sanwó, ẹ fi iṣẹ́ sanwó. Tí ẹ bá pín ìyókù ₦22.4 mílíọ̀nù sí oṣù 18, nǹkan bíi ₦1.24 mílíọ̀nù lóṣooṣù lẹ ó máa san, yálà wọ́n fi búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù tàbí wọn kò fi lé e. Oṣù kẹwàá á dé, ẹ ti san ju ₦20 mílíọ̀nù lọ, ilé náà á ṣì wà ní ìpìlẹ̀. Wọn kì í sábà jí owó náà. Ìpìlẹ̀ ilé mìíràn ni wọ́n máa ń fi ṣe, torí títa ìpìlẹ̀ rọrùn ju píparí ilé lọ.

Bí mo ṣe máa pín ₦32 mílíọ̀nù nìyí: ₦6.4 mílíọ̀nù nígbà tí a bá buwọ́ lu àdéhùn (₦1 mílíọ̀nù yẹn wà nínú rẹ̀). ₦6.4 mílíọ̀nù mìíràn nígbà tí ìpìlẹ̀ bá dé DPC (ibi tí wọ́n ń tẹ́ ọ̀rá tó ń dí ọ̀rinrin) tí wọ́n sì ti da German floor, ìyẹn kọnkéré ilẹ̀ ilé. ₦4.8 mílíọ̀nù ní líńtẹ̀ẹ̀lì, ìyẹn òkè fèrèsé àti ilẹ̀kùn. ₦6.4 mílíọ̀nù nígbà tí páànù bá wà lórí rẹ̀ tán. ₦4.8 mílíọ̀nù lẹ́yìn pílásítà, wáyà, páìpù, fèrèsé àti ilẹ̀kùn. ₦1.6 mílíọ̀nù lọ́jọ́ kọ́kọ́rọ́. Kí ₦1.6 mílíọ̀nù tó kù wà lọ́wọ́ yín fún oṣù mẹ́fà, kí òjò kan kọjá lórí rẹ̀. Páànù tó ń jò kì í sọ̀rọ̀ lọ́gbẹlẹ̀. Wọ́n lè má gba ìpín yìí bó ṣe wà, ó ṣe é dúnàádúrà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí owó máa lọ níwájú iṣẹ́.

Kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ kan. "Ìpìlẹ̀ ti tán" kì í ṣe ìtumọ̀. "Búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ 9-inch tí a fi kọnkéré kún ihò rẹ̀, ilẹ̀ pupa tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele, ọ̀rá DPC, kọnkéré 150mm lórí rẹ̀" ni ìtumọ̀. Ẹ ní kí ìwé tó sọ irú ohun èlò wà mọ́ àdéhùn. Àwọn tí ẹ ó wá nínú rẹ̀ ni: ṣé 9-inch ni ògiri ìta tàbí 6-inch, irin inú òpó, ó kéré tán 12mm mẹ́rin, páànù aluminium, ṣé 0.55mm tàbí 0.45mm, wáyà 1.5mm fún gílóòbù, 2.5mm fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4mm fún AC. Ilé àwòkọ́ṣe tí wọ́n máa ń mú yín lọ wò máa ń ní 0.55mm lórí, àdéhùn kò sì ní sọ nǹkan kan. Iye tó wà láàárín méjèèjì lórí páànù ilé kan kì í ṣe owó kékeré.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà níbí, ẹ rántí pé orí àpáta ni Abẹ́òkúta wà. Níbi tí àpáta bá sún mọ́ ojú ilẹ̀, sọ́kàwéè kì í fa omi mu, tí òjò bá pọ̀, omi ṣáláńgá á bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sínú ilé. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín bí wọ́n ṣe wa ihò wò ní ilẹ̀ yín, mítà méjì tó kéré tán, ẹ da omi sí i, ẹ wo bó ṣe ń wọlẹ̀. Borehole náà bẹ́ẹ̀: ibi tí àpáta kò bá ní ìlà àfọ́ nínú, ẹ lè gbẹ́ ẹ títí kí omi má jáde. Tó bá jẹ́ pé borehole kan ni wọ́n fẹ́ fi fún gbogbo ẹ́síteètì lómi, ẹ bèèrè ìwé àyẹ̀wò abẹ́ ilẹ̀, bó ṣe jìn tó, àti iye omi tó ń mú jáde ní wákàtí kan.

Kóbápé kò sí lẹ́bàá odò Ògùn, ẹ kò ní wàhálà Láfẹ́nwá tí omi ń yọ sí nígbà tí wọ́n bá ṣí Oyan Dam. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ títẹ́ láàárín òkè méjì máa ń gba omi láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ lọ wò ó lẹ́yìn òjò ńlá kan, ẹ má lọ ní ọjọ́ tí oòrùn bá ń ràn.

---

OwóIlé

Lórí NHF: ẹ lè lò ó, bí ilé náà bá pegedé. 2.5% owó oṣù ni wọ́n ń yọ. Ẹni tó bá ti san án fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán lè béèrè ẹ̀yáwó lọ́wọ́ Federal Mortgage Bank of Nigeria, nípasẹ̀ báǹkì ilé tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Èlé rẹ̀ kò tó 10% lọ́dún, ó lè tó 30 ọdún, ṣùgbọ́n iye ọdún tó kù kí ẹ fẹ̀yìntì ló máa sọ ọ́. Òkè rẹ̀ jẹ́ ₦50 mílíọ̀nù, nítorí náà ₦32 mílíọ̀nù kò kọjá rẹ̀. Owó oṣù yín ni yóò sọ bóyá wọ́n á fún yín ní gbogbo rẹ̀.

Ibi tó ti máa ń dí: báǹkì kì í fowó sórí rìsíìtì ẹbí tàbí lẹ́tà allocation lásán. Wọ́n fẹ́ C of O tàbí ìyọ̀ǹda Gómìnà, àṣẹ ìkọ́lé, àti ilé tí olùṣírò dúkìá tiwọn lè wò. Ìpìlẹ̀ kò tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà ẹ gba ìwé àwọn owó tí wọ́n ti yọ lára yín ná, ẹ mú ẹ̀dà ìwé ilé-iṣẹ́ náà lọ sí báǹkì ilé kan láàárín ọjọ́ méje yín, kí wọ́n sọ fún yín bóyá wọ́n á gba ẹ́síteètì náà. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ìyẹn fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìdáhùn lórí ìwé ilẹ̀, kò sì ná yín ní nǹkan kan.

Ẹ má sì fi owó ẹlòmíràn tó ní èlé gíga san àsansílẹ̀ nítorí pé NHF "ń bọ̀". Ó máa ń pẹ́.

---

Lọ́yàÌbarà

Ó dára pé wọ́n ní kí ẹ kọ tiyín wá. Ẹ fi èyí ránṣẹ́: "Ilé-iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ yí ilé tí a kọ sókè yìí padà àfi bí ilé iṣẹ́ ìjọba bá pàṣẹ rẹ̀ ní kíkọ, tí ẹ̀dà àṣẹ náà sì dé ọwọ́ oníbàárà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, oníbàárà lè yan ilé mìíràn tí kò kéré sí ti àkọ́kọ́ nínú ẹ́síteètì yìí ní iye kan náà, tàbí kí ó gba gbogbo owó tó ti san padà láàárín ọjọ́ 30 láìyọ nǹkan kan."

Lórí lẹ́tà allocation tí wọ́n ní yóò jáde lẹ́yìn 30%: kí nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ bá ti ìwé tí ẹ fi di ilé mú mu. Bí lẹ́tà bá sọ "provisional", ó túmọ̀ sí pé wọ́n ṣì lè yí i. Kí àdéhùn títà ti wà ní bíbuwọ́lù kí ẹ tó san 30% náà, kó má jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìlérí ẹnu lórí ilẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní kóòtù: òfin dúkìá tí a jogún láti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, ti 1959, ní àdéhùn títa ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ pẹ̀lú ìbuwọ́lù ẹni tí wọ́n fẹ́ dè mọ́ ọn. Gbogbo ohun tí wọ́n bá yín sọ lórí WhatsApp, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí lẹ́tà ilé-iṣẹ́.

Ẹni tó máa buwọ́ lù ú fún wọn, ẹ wo orúkọ rẹ̀ ní CAC bóyá dírẹ́kítọ̀ ni. Akọ̀wé tó wà ní ọ́fíìsì títà kò lè de ilé-iṣẹ́ mọ́ àdéhùn bẹ́ẹ̀ àyàfi tí ìwé bá wà tó fún un láṣẹ. Bí wọ́n bá dá ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù padà, ẹ fi àwòrán rẹ̀ síbí, kí ẹ fi nǹkan bo orúkọ àti nọ́ńbà akáùǹtì.